Tírélà Aláìlógiri

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kejì

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Ṣé ọkọ̀ náà ń sùn? Èmi náà wà, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wa tírélà ṣe lè wà. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń ru. Àǹtí rẹ kí ọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ tí ìyá wa ti bí i lé mi.

Mo mọ̀ pé o lè pè mí lórí fóònù. Má pè mí. Ọwọ́ àǹtí rẹ ni fóònù wà, kó sì tó gbé e dé etí mi, á ti bá mi dáhùn gbogbo ohun tí o bi mí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé padà yẹ̀ wò. Lẹ́tà ni mo fẹ́. Lẹ́tà ṣeé kà, ká tún un kà, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ku nǹkan kan.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Mo rí iwájú ọkọ̀ náà, ó ń dán, ó tóbi tó ilé ìdáná wa. Mo wá ń wá ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò rí i. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo gbé e wọ̀ padà. Mi ò rí i. Mo yí fọ́tò náà sẹ́yìn, bóyá ògiri wà lódìkejì. Àǹtí rẹ ní kí n wo abẹ́ tábìlì. Ọmọ mi, mo ti rí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì, mo ti rí èyí tí kò ní iná, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn, ó kéré tán, ó ń dun ẹni tó ni wọ́n. Tìrẹ yìí, ńṣe ni ilé-iṣẹ́ dìídì lọ rà á bẹ́ẹ̀! Ọkọ̀ pẹrẹsẹ, ẹrù wá nà gbọọrọ sórí rẹ̀ bí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń dì í mú? Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ńkọ́? Bí o bá yà sí kọ́nà, tí ẹrù ní òun ò yà ńkọ́?

Ìṣirò owó ni mo rán ọ lọ kọ́ nílé-ìwé. O kọjá sókè òkun, o ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lo ti ń ṣiṣẹ́, ò ń yí wọn sọ́tùn-ún, ò ń yí wọn sósì. Mo gbà. Mo ní arúgbó kì í kúkú já bọ́ sójú títì pa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ yẹn náà ló wá sú ọ, o lọ gun ohun tí kò ní ìbòrí.

Gbọ́ o. Ọ̀gá ilé-ìwé girama tó wà lẹ́yìn ilé wa, ọ̀rẹ́ mi, ní akọ̀wé ìṣirò owó wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní òun á bá ọ fi àyè náà pamọ́ títí sáà tuntun. Ọ́fíìsì ni. Ó ní ògiri mẹ́rin. Mo lọ kà wọ́n.

Èmi bàbá rẹ, tí oorun ti ń sá fún.


Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín o, mo kí Àǹtí. Ẹ kú àníyàn. Ọkọ̀ náà ní kí n kí yín, ó ní òun ń sùn dáadáa, òun ò mọ̀ nípa tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, kí ara lè tù yín. Ta ló ń di ẹrù náà mú? Èmi ni. Irin gígùn, páìpù, pákó àti ẹ̀rọ ńlá kò ṣeé tì gba ẹnu ilẹ̀kùn. Láti òkè tàbí láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti máa ń gbé wọn lé ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ògiri. Tí wọ́n bá ti gbé e lé e tán, iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ju bẹ́líìtì fífẹ̀ kan kọjá lórí ẹrù, mo máa sáré yí lọ sódìkejì lọ gbá ìdí rẹ̀ mú, mo máa fi irin kan fún un, fún un, títí á fi máa dún bí okùn gìtá. Ó di òmíràn. Tó bá jẹ́ irin tó wúwo, ṣéènì ni. Tó bá jẹ́ ohun tí òjò ò gbọ́dọ̀ kàn, mo máa gun orí ẹrù lọ tẹ́ tapólì lé e, tapólì tó wúwo bí àgbà ọkùnrin tó ti sùn lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Mo yọ̀ ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má ka gbólóhùn yìí.

Wọ́n ṣì fi mí sí ìdánwò. Tí oṣù ìdánwò bá pé tí mi ò yege, mo tún di ẹni tó ń yí arúgbó nìyẹn. Awakọ̀ àgbà kan tó kọ́ mi níṣẹ́ jókòó tì mí níbẹ̀rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ àfi tó bá rí àṣìṣe, ó wá ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, èmi nìkan ni mò ń dá lọ. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún wa ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá Kíákíá la máa ń pè é. Tí èèyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní o ti pẹ́.

Ohun kan wà tó máa dùn mọ́ yín nínú. Òfin wa ni pé tí èèyàn bá ti gbé ẹrù jáde, kó tó rìn jìnnà, kó dúró, kó sọ̀kalẹ̀, kó yí ọkọ̀ ká, kó fọwọ́ kan bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan. Torí pé ẹrù máa ń jókòó. Tí ọkọ̀ bá ti mì ín díẹ̀, á wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bẹ́líìtì á wá dẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ mi ń ṣàlàyé ẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá mi ló dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, wọn ò kàn sọ fún un ni. Àbí ta ló fi ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ní òun ń padà lọ wo àgádágodo ilé? Ta ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Padàwò?

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ sọ fún un pé ògiri mẹ́rin ti pọ̀ jù fún mi.

Ọmọ yín, awakọ̀.


Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo ka gbólóhùn tí o ní kí n má kà. Mo kà á títí ìwé náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ibo lo fi gbálẹ̀? Ọ̀tún ni àbí òsì? Ṣé o fi nǹkan gbígbóná sí i? Mo kí ọ o, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ.

Ní ti Bàbá Padàwò: gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni olè ti jà lólè rí. Olè ò wọ ilé tèmi rí. Àǹtí rẹ tó ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ ní, kí ni olè fẹ́ wá mú níbẹ̀.

Mo ronú lórí òfin yín yẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró lágbede méjì. Ẹrù tó jókòó lẹ́ẹ̀kan, ta ló sọ fún wọn pé kò ní dìde tún jókòó? Wo èmi fúnra mi nínú àga. Kó tó rọ̀ mí lọ́rùn, mà á ti sún ìdí síhìn-ín sọ́hùn-ún, mà á ti dìde lọ gbé tìmùtìmù. Bí èmi tó ní làákàyè bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ká retí lọ́dọ̀ páìpù? Nítorí náà, dúró ní gbogbo ilé epo tí o bá rí. Dúró lẹ́yìn gbogbo òkè. Dúró lẹ́yìn kọ́nà èyíkéyìí tó bá fún ẹrù ní èrò lọ́kàn. Má fojú wò ó lásán, fọwọ́ kàn án. Tí o bá fọwọ́ kàn án tán, tí o wọkọ̀, tí ọkàn rẹ bi ọ́ pé, “Ṣé mo tiẹ̀ fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn yẹn?”, sọ̀kalẹ̀. Ọkàn kì í béèrè lásán. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí Ọ̀gá Kíákíá bá pariwo, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ní kí o dúró. Kí ló fẹ́ ṣe? Kó lé ọ? Ta ni ìyẹn pa rí?

Mo ti sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ẹ̀ka ìrìnnà lo wà. Irọ́ kọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ kọ́.

Bá mi fi ọ̀kan nínú àwọn bẹ́líìtì yẹn ránṣẹ́, èyí tó ti gbó tí wọ́n fẹ́ dà nù. Táǹkì omi wa ń wò mí lójú láti orí irin tó gbé e dúró. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń wò mí.

Èmi bàbá rẹ, tí olè ò jà rí.


Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo ti fi bẹ́líìtì kan rán obìnrin kan tó ń bọ̀ wálé, ẹ ó rí i gbà. Ó ti fàya díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n táǹkì ò ní mọ̀.

Mo kọ́kọ́ fi ìmọ̀ràn yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú pákó, tí ọkàn mi bi mí pé, “Ṣé mo tiẹ̀ fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn yẹn?” Ọ̀rọ̀ yín gan-an, ohùn yín gan-an. Mo sọ̀kalẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo gòkè. Ó tún béèrè. Bàbá, ẹ̀rù yín ti wọ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ mi, kò de bẹ́líìtì ara rẹ̀, bẹ́líìtì ẹrù ló ń bi mí léèrè.

Mo ti ń dúró láti ìgbà náà. Ilé epo, mo dúró. Òkè, mo dúró. Ọ̀gá Kíákíá pè mí lórí fóònù.

“Níbo lo wà?”

“Mo dúró ni, sà.”

“Mo mọ̀ pé o dúró, mò ń wo ọkọ̀ rẹ lójú ẹ̀rọ mi, ó jókòó bí òkúta. Kí ló bàjẹ́?”

“Kò sí, sà.”

“Kí ló wá dé?”

“Mò ń wo bẹ́líìtì ni.”

“O ò rí bẹ́líìtì rí ni?”

Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé kan, ẹ̀rọ agbẹ́rù ti na ọrùn sókè kí n tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìlà, wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán. Fọ́máànù wọn wo ọkọ̀ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Ìwọ lo gbé e wá ni, àbí o wọ́ ọ wá?” Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ti sọ mí ní orúkọ. Ìyá Adúró. Bí mo bá wọ yàrá ìsinmi wa, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á máa fọwọ́ kan ìgbànú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní yẹ̀yẹ́ báyìí. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní mi ò fọ́ nǹkan kan, mi ò já nǹkan kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Tí mo bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù ìdánwò tó pé, kí n kó ìbọ̀wọ́ mi sílẹ̀ kí n máa lọ. Iṣẹ́ yìí wù mí, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé mo lè ṣe dáadáa. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

Ìròyìn rẹ bà mí nínú jẹ́ púpọ̀. Ó dùn mí débi pé mo lọ ra ọ̀dà. Yàrá rẹ ni mo fi kùn. Kì í ṣe nítorí ohunkóhun, yàrá náà ló kàn ṣàdédé wù mí kùn. Mo gbé àwọn aṣọ àǹtí rẹ kúrò níbẹ̀, ó sì bínú, àmọ́ kò burú.

Bẹ́líìtì dé. Mo gbá táǹkì mọ́ ògiri pẹ̀lú rẹ̀, mo fún un, mo fún un, títí ó fi dún bí okùn gìtá bí o ṣe wí. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò kíyè sí ni pé bẹ́líìtì náà gba iwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná kọjá, àǹtí rẹ sì wà nínú ilé ìdáná. O kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún un, o ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú u. Ojú fèrèsé ló gbà jáde. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n táǹkì ò mì.

Ní ti ìbéèrè rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá ọ léré. Ìkánjú àti sùúrù, ọgbọọgba ni. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ ní Ìyá Adúró, orúkọ àgbà ni, kò sí ìyá rere tí kì í dúró. Ẹrù tó bá gbẹ̀yìn oṣù ìdánwò yẹn gan-an ni kí o dúró sí jù lọ. Tí wọ́n bá wá ní kí o máa lọ, ṣé a lè bá wọn jà? Àwọn ló ni ọkọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé kí ọ. Ó béèrè irú àga tí o fẹ́. Mo ní èyí tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé.

Èmi bàbá rẹ tó ń bá ọ kẹ́dùn.


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò ní kí ọ pẹ́, aṣọ oníbàárà ń bẹ lábẹ́ abẹ́rẹ́. O mọ̀ pé èmi ni mò ń gbé lẹ́tà bàbá rẹ lọ sílé ìfìwéránṣẹ́, torí tó bá lọ fúnra rẹ̀, á padà láti kọ́nà lọ wo ilẹ̀kùn, wọ́n á ti tì kó tó dé. Tòní yìí, mo ní tèmi láti sọ, mo sì fi í sínú àpòòwé ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé pé wọ́n fẹ́ lé ọ, bàbá rẹ kọrin nílé ìwẹ̀. Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Kì í ṣe páìpù ló ń bà á lẹ́rù mọ́, ọmọ mi. Ó ń fẹ́ kí o pẹ́, kí wọ́n lé ọ, kí o wá jókòó sáàárín ògiri mẹ́rin tó lọ kà. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Òótọ́ ni, ẹ ò sọ ọ́. Ẹ kùn ún sára ògiri ni.”

Àmọ́ ìwọ náà, má rò pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ọdọọdún lo ń ní ò ń bọ̀. Ọdọọdún là ń gbá yàrá. Ẹni tí kò rí ọmọ rẹ̀ dì mú, táǹkì ló kù tó máa dì mú. Ojú fèrèsé ni èmi ń gbà jáde, ní ọjọ́ orí mi yìí!

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún

Bàbá,

Ẹ kú ilé o. Àǹtí ti kọ̀wé sí mi.

Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà yín. Mo gba ìyẹn mọ́ra, mo ní ẹ̀rù bàbá, ìfẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń fi ọwọ́ mi kọ ìwé ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ fún mi. Gbogbo ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú òjò lọ fọwọ́ kan ohun tí mo ti fọwọ́ kàn, ẹ̀yin ń po ọ̀dà.

Ẹrù àṣekágbá oṣù ìdánwò mi máa jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òpó irin ilé gíga ni. Mo ti pinnu. Mi ò ní dúró níbì kankan, kódà níbi tí òfin ní kí n dúró. Bí irin bá jókòó, kó jókòó. Bó bá dìde, kó máa rìn. Ẹ sì má kọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì sí mi mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Òní ni lẹ́tà rẹ dé. Ẹrù náà ti jáde. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń kọ yìí ò lè bá a. Mò ń kọ ọ́ náà.

Mo fúnra mi gba fóònù lọ́wọ́ àǹtí rẹ. O ò gbé e. Mo tún pè. Mo tún pè. Àǹtí rẹ ní bóyá ò ń wakọ̀. Mo ju fóònù náà sílẹ̀ bí ẹyín iná, kí n má lọ jẹ́ ẹni tó pa ọ́ pẹ̀lú aago.

Òótọ́ ni ohun tí àǹtí rẹ sọ. Mo kùn ún. Mo ní tí wọ́n bá lé ọ, kì í ṣe èmi ni mo lé ọ. Mo rò pé mo gbọ́n. Bí mo ṣe ń ṣọ́ ilé ni mo ṣe ń ṣọ́ ọ, kí o lè padà wọlé. Mi ò rò ó dé ibi tí o ti máa bínú sí bàbá rẹ, kí o wá fi ìbínú náà bá irin ṣeré.

Dúró lẹ́ẹ̀kan péré, èyí tó jẹ́ òfin. Tiwọn ni, kì í ṣe tèmi. Jọ̀ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Lẹ́tà ò dé. Àǹtí rẹ ní o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: “Mo wà.” Mo ní ó tán? Ó ní ó tán. Mo ní kó wò ó dáadáa bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn fara pamọ́ sísàlẹ̀. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Mo ti lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé pé kó gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. Obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì títì ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó ti ń jókòó sínú àga tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé. Àwọn aṣọ àǹtí rẹ ti padà sí yàrá rẹ, ọ̀dà sì ti ta sí aṣọ oníbàárà kan, èmi ni mò ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Mo tú táǹkì sílẹ̀. A jọ ń wo ara wa.

Ohun kan wà lẹ́nu mi tí mi ò ní sọ. “Ṣé o” ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé e mì.

Kọ ohunkóhun sí mi. Bó jẹ́ èébú pàápàá, mà á tún un kà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Àǹtí, mo kí táǹkì. Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Inú ló ń bí mi, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ń dúró.

Mo gbé irin náà jáde pẹ̀lú ìbínú. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ibi tí gbogbo wa ti máa ń yà láti wo ẹrù, mo ti gbájú mọ́ iwájú, mo ní mò ń kọjá. Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ jókòó síbẹ̀ bí ìṣe yín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ kàn ń wo ọ̀nà. Bàbá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ló bà mí lẹ́rù. Mo yà.

Mo yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Mo fọwọ́ kan gbogbo ṣéènì. Díẹ̀ ti dẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń dẹ̀. Mo fún wọn padà, bí a ṣe máa ń fún wọn. Mo gòkè. Ẹ̀yin náà wá rí ẹnu: “Ṣé o tiẹ̀ fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn yẹn?” Mo ní, “Bàbá, ibi tí ẹ ti máa sọ̀kalẹ̀ nìyí.” Mo nawọ́ kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn fún yín gan-an. Awakọ̀ kan tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní èrò kan ló ń sọ̀kalẹ̀. Ó wò títí, kò rí ẹnì kankan, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sá wọnú ọkọ̀ tiẹ̀.

Mo lọ. Mi ò dúró mọ́. Ilé epo kọjá, òkè kọjá, ọkàn mi ń bẹ̀ mí bí ọmọdé tó fẹ́ tọ̀, mi ò dá a lóhùn. Irin náà ò mira títí mo fi dé. Mo dé kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé akoto wọn sórí. Ọ̀gá Kíákíá pè mí, ó ní, “O tètè dé jù. Kí ló bàjẹ́?”

Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, Bàbá. Mo yege.

Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí bá èmi náà sọ, pé ọdọọdún ni mò ń ní mò ń bọ̀, wọ̀ mí lára. Wọ́n ti ní ìsinmi tọ́ sí mi báyìí. Àmọ́ bí mo ṣe sọ yín kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo fẹ́ kí ẹ sọ ara yín kalẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rìn lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ má padà wò. Kí Àǹtí tẹ̀ lé yín, kó ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ju lẹ́tà sínú àpótí. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yẹn bá dé ọ̀dọ̀ mi, mà á ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé.

Ọmọ yín, awakọ̀ gidi.


Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Keje

Awakọ̀ gidi,

Mo kí ọ, mo sì kí ara mi. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Orí itan mi ni mo tẹ́ ìwé lé, ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé mi fi rí báyìí.

Mo jáde. Mo yíjú sí ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń lọ. Àǹtí rẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun ń tún bàtà òun wọ̀, lẹ́yìn náà ló bá mi. Nígbà tí mo dé kọ́nà, ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ti ń yí padà. Kò bi mí. Àṣà ni. Mo di ọgbà ẹnì kan mú, mo ń mí.

Ó jọ pé àǹtí rẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn, torí wọ́n ti jáde sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wo eré. Atúnbàtàṣe tó wà lábẹ́ ilé ọ̀gá ilé-ìwé pariwo, “Bàbá Padàwò, ẹ gbàgbé nǹkan o!”

Mo dúró. Mo ní, “Kí ni mo gbàgbé?”

“Ẹ gbàgbé láti padà!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó gba iṣẹ́ rẹ náà ń rẹ́rìn-ín, aláìmoore. Mo fi ìbínú gbé ẹsẹ̀ kan, ìbínú náà gbé èkejì. Mo rí i báyìí pé kì í ṣe ìwọ nìkan ni ìbínú lè wà lọ.

Ilẹ̀kùn wà lọ́hùn-ún, èmi wà níhìn-ín. Bí olè bá ti kó gbogbo ilé lọ, kí wọ́n fi ọmọ mi rọ́pò rẹ̀, wọ́n ti dá mi lọ́lá. Mo sọ fún àwọn ará àdúgbò lójú ọ̀nà pé tírélà lo ń wà, pé kò ní ògiri. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní ta ló wá ń di ẹrù náà mú. Mo ní ọmọ mi ni.

Ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ. Tí o bá fẹ́ kúrò nílé lọ́jọ́ náà, ṣé o… rárá. Mo ti gbé e mì.

Èmi bàbá rẹ, tó ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.


Ọmọ mi, Àǹtí rẹ ni. Bàbá rẹ lọ ra sítáǹpù lójú fèrèsé wọn níhìn-ín, ó ní kí n bá òun di lẹ́tà yìí mú. Ohun tó kọ, òótọ́ ni, kò padà. Àmọ́ kò tì í. Ó fa ilẹ̀kùn pọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń lọ bí ọba. Èmi ni mo tì í nígbà tí mò ń tún bàtà wọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mi. Ó ti ń padà bọ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. Tètè máa bọ̀ o, kó tó fọwọ́ kan àpò rẹ̀.